Àmì Méjì Lábẹ́ Òdòdó Yèyé

[Ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù kẹta ọdún 2014, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀. Oyèbọ́lá ló pe Báyọ̀ àbúrò rẹ̀. Òun wà nílé ìyá wọn tó ṣaláìsí, tí wọ́n ń pè ní Yèyé, ní Thamesmead nílùú ọba, níbi tí ẹbí ti ń múra láti lọ sin ín. Báyọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù òdòdó Rosaline ní Plumstead. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì burú. Ẹni tó bá ti gbé ilé alájà mẹ́wàá ní Thamesmead rí kò ní bèèrè ìdí.]

BÁYỌ̀: Hello? Sister Bọ́lá, ẹ káàárọ̀ o.

OYÈBỌ́LÁ: Káàárọ̀, Báyọ̀. Ṣé o jí dáadáa? Ṣé o rí oorun sùn?

BÁYỌ̀: Díẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Àwọn àlejò ńkọ́?

OYÈBỌ́LÁ: Gbogbo wọn wà. A dúpẹ́. Níbo lo wà báyìí?

BÁYỌ̀: Mo ti dé ọ̀dọ̀ Rosaline. Sister, it's beautiful. Ṣé ẹ rí photo tí mo fi sórí group?

OYÈBỌ́LÁ: Mo rí i. Ìyẹn gan-an ni mo ṣe—

BÁYỌ̀: Òdòdó funfun ni gbogbo lẹ́tà, wá fi red roses ṣe àwọn àmì. Rosaline ní òun ò ṣe irú ẹ̀ rí. Ó ní MUM lòun máa ń ṣe, NAN lòun máa ń ṣe, èyí ni àkọ́kọ́ tó dé fìlà tó tún wọ bàtà.

OYÈBỌ́LÁ: Báyọ̀, jẹ́ n sọ̀rọ̀. Ṣé Rosaline ní sísọ́ọ̀sì?

BÁYỌ̀: Ó ní kí ni? Ẹ ń já.

OYÈBỌ́LÁ: Sísọ́ọ̀sì! Ṣé o gbọ́ mi? Sísọ́ọ̀sì, tàbí ọ̀bẹ.

BÁYỌ̀: Òdòdó ló ń tà, Sister. Of course ó ní sísọ́ọ̀sì. Fún kí ni?

OYÈBỌ́LÁ: Aago mélòó ni ọkọ̀ òkú máa dé ọ̀dọ̀ rẹ?

BÁYỌ̀: Quarter to. Wọ́n á to òdòdó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, wọ́n á gba Plumstead High Street, wọ́n á wá bá yín nílé. Kí ló dé?

OYÈBỌ́LÁ: Auntie Ṣaléwá ti tú gèlè.

BÁYỌ̀: Ṣé ara ẹ̀ ò yá ni?

OYÈBỌ́LÁ: "Ara ẹ̀"? Àbúrò ìyá ẹ tó wọ bàálù láti Iléṣà wá sìnkú lò ń sọ "ara ẹ̀" fún?

BÁYỌ̀: Sorry. Ara wọn. Ṣé ara wọn ò yá?

OYÈBỌ́LÁ: Ara wọn yá, ó le bí òkúta. Wọ́n kàn tú gèlè ni. Wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Yèyé, wọ́n ní àwọn ò tẹ̀lé òkú mọ́.

BÁYỌ̀: Today? Òní yìí?

OYÈBỌ́LÁ: Ṣé ọ̀la la fẹ́ sìnkú ni? Òní yìí.

BÁYỌ̀: Why? Ta ló ṣẹ̀ wọ́n?

OYÈBỌ́LÁ: Òdòdó yẹn.

[Laini ń ṣe bíi ọ̀rá tí wọ́n ń rún.]

BÁYỌ̀: Sister? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

OYÈBỌ́LÁ: Mo gbọ́ ọ. Mo ní òdòdó yẹn. Wọ́n rí i lórí fóònù mi. Gbọ́, kò le. Sọ fún Rosaline kó yọ dot méjèèjì tó wà lábẹ́ E.

BÁYỌ̀: Abẹ́ Ẹ ni dot máa ń wà.

OYÈBỌ́LÁ: Kì í ṣe Ẹ! E ni!

BÁYỌ̀: Nǹkan kan náà lẹ̀ ń sọ lẹ́ẹ̀mejì.

OYÈBỌ́LÁ: Kì í ṣe nǹkan kan náà. E, bíi ewé. Ẹ, bíi ẹja.

BÁYỌ̀: Bíi ewé àti kí ni?

OYÈBỌ́LÁ: Ẹja!

BÁYỌ̀: It's breaking. Ewé àti...?

OYÈBỌ́LÁ: Ẹja, Báyọ̀! Ẹja inú omi!

BÁYỌ̀: Ta ló fẹ́ jẹ ẹja báyìí? Mo rò pé jollof la ṣe order ẹ̀.

OYÈBỌ́LÁ: Olúwa, fún mi ní sùúrù. Ṣé o gbọ́ mi? Lọ síbi fèrèsé.

BÁYỌ̀: Mo wà níta. Ọkọ̀ 53 ló ń kọjá, ẹ dúró.

[Bọ́ọ̀sì kọjá. Ó pẹ́ kó tó kọjá.]

BÁYỌ̀: Ó dáa. Mò ń gbọ́ yín.

OYÈBỌ́LÁ: Ta ló kọ àmì yẹn fún Rosaline?

BÁYỌ̀: Èmi ni. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n fi àmì sí i! Wednesday. Ẹ ní tí kò bá sí àmì, àwọn ọmọ Lagos á kà á sí yeye, pidgin yeye, "yeye man, yeye woman." Mo wá fi àmì sí i. I was careful.

OYÈBỌ́LÁ: Inú ìwé wo lo ti wò ó?

BÁYỌ̀: Mi ò wo ìwé kankan. Tíṣà wa ní Saturday class ní kí èèyàn pe ọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́, kó wá kọ ohun tí etí bá gbọ́. Mo pè é jẹ́jẹ́. Mo kọ ohun tí mo gbọ́. Àmì ìsàlẹ̀, àmì òkè, dot, dot. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo fi lọ sí class yẹn, Sister, lẹ́yìn shift. Kí n lè ka tribute mi lónìí ní Yorùbá.

OYÈBỌ́LÁ: Mo mọ̀. Mo mọ̀, mo sì yìn ọ́. Àmọ́ ohun tó wà lórí òdòdó yẹn, yẹ̀yẹ́ ni.

BÁYỌ̀: Ẹ̀n, Yẹ̀yẹ́.

OYÈBỌ́LÁ: Yẹ̀yẹ́! Kí wọ́n fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́! Kí wọ́n nàka sí èèyàn, kí wọ́n máa yọ ṣùtì sí i, kí wọ́n máa fi í rẹ́rìn-ín. Mockery, Báyọ̀. Mockery lo kọ, lẹ́tà funfun gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ, o fẹ́ fi gbé ìyá ẹ gba àárín Plumstead kọjá.

BÁYỌ̀: No.

OYÈBỌ́LÁ: "No" báwo?

BÁYỌ̀: No, ìyẹn ni yeye ti pidgin. Èyí tí mo kọ, Mum ni.

AUNTIE ṢALÉWÁ [láti ẹ̀yìn]: Ṣé ó ti yọ ọ́?

OYÈBỌ́LÁ: Ó ń yọ ọ́ lọ́wọ́, Auntie!

BÁYỌ̀: Mi ò yọ nǹkan kan. Sister, it's two dots. Ṣé torí dot méjì làgbàlagbà ò ṣe ní sin ẹ̀gbọ́n ẹ̀?

OYÈBỌ́LÁ: Kì í ṣe dot lójú tiwọn. O ò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ni. Nígbà tí Yèyé gbé ọ fún òyìnbó tọ́ ní Kent, ìròyìn dé Iléṣà. Àwọn ìyàwó ilé bàbá wa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Wọ́n ní abiyamọ tí kò lè gbé ọmọ pọ̀n, ó bímọ tán ó lọ fi ta òyìnbó lọ́rẹ. Auntie Ṣaléwá ló wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ ọ. Lọ́jà, níbi omi, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Auntie bá wọn jà títí wọ́n fi fa aṣọ ya. Òní ni wọ́n wá ṣí fóònù, tí wọ́n rí ọ̀rọ̀ yẹn kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí ẹ̀gbọ́n wọn.

BÁYỌ̀: So èmi ni wọ́n fi ṣe mockery ẹ̀?

OYÈBỌ́LÁ: Òun ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwọ, ọmọ ọwọ́ ni ọ́.

BÁYỌ̀: Ó dáa. Ẹ gbé fóònù fún Auntie. Mo máa ṣàlàyé pé kì í ṣe mockery. Ohun tí à ń pè é nìyẹn.

OYÈBỌ́LÁ: Báyọ̀.

BÁYỌ̀: Ọdún tí a fi ń pè é kì í ṣe kékeré. Gbogbo wa.

OYÈBỌ́LÁ: Báyọ̀, ohun tí à ń pè é kọ́ nìyẹn.

BÁYỌ̀: Ohun tí èmi ń pè é nìyẹn!

[Ìkòkò kan ń hó nílé Thamesmead.]

BÁYỌ̀: Sister? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

OYÈBỌ́LÁ: Mo gbọ́ ọ.

BÁYỌ̀: Ẹ pè é.

OYÈBỌ́LÁ: Kò sí àyè fún ìyẹn báyìí, ọkọ̀ òkú ń—

BÁYỌ̀: Ẹ pè é, Sister.

OYÈBỌ́LÁ: Yèyé.

BÁYỌ̀: Lẹ́ẹ̀kan sí i.

OYÈBỌ́LÁ: Yè-yé.

BÁYỌ̀: Èmi ńkọ́? Kí lèmi máa ń pè?

OYÈBỌ́LÁ: Báyọ̀, aago ń lọ.

BÁYỌ̀: Sister Bọ́lá, kí lèmi máa ń pè?

OYÈBỌ́LÁ: Ohun tí o kọ sórí òdòdó.

BÁYỌ̀: Láti ìgbà wo?

OYÈBỌ́LÁ: Láti ìbẹ̀rẹ̀.

[Fèrèsé ọkọ̀ kan ṣí, orin jáde, ó tún kọjá.]

BÁYỌ̀: Ọjọ́ ìgbéyàwó mi.

OYÈBỌ́LÁ: Má ro ìyẹn.

BÁYỌ̀: Mo dìde, mo gba máìkì, mo ní, "Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Yẹ̀yẹ́ mi." Gbogbo hall bú sẹ́rìn-ín. I thought I was funny! Mo rò pé mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín ni! Sister, mo tún un sọ níbi ìkómọ Tiwaladé ọmọ mi nítorí pé ó dùn mọ́ wọn nígbà àkọ́kọ́!

OYÈBỌ́LÁ: Wọn ò fi ìkà ṣe é. Ó kàn—

BÁYỌ̀: Pastor rẹ́rìn-ín. Pastor!

OYÈBỌ́LÁ: Pastor ò mọ ìtàn.

BÁYỌ̀: Ìtàn wo? Thirty-two years! Ẹ̀yin ẹ mọ̀, Daddy mọ̀ kó tó kú, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀, kò sẹ́ni tó lè fà mí létí pé, "Báyọ̀, ìyá ẹ lò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́"? Ẹ jẹ́ kí n máa sọ ọ́ lọ bí ọ̀dẹ̀?

OYÈBỌ́LÁ: Yèyé ló ní ká má sọ.

BÁYỌ̀: Why?

OYÈBỌ́LÁ: Ṣé—gbọ́—ọkọ̀ fer—

BÁYỌ̀: Mi ò gbọ́. Ẹ ń já. Hello?

OYÈBỌ́LÁ: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ti jáde sí balikóní. Mo ní, ṣé o rántí ọkọ̀ ferry?

BÁYỌ̀: Woolwich Ferry? Ta ni ò mọ ferry?

OYÈBỌ́LÁ: Nígbà tí wọ́n mú ọ padà wá láti Kent, ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọ́. O ò gbọ́ ẹyọ Yorùbá kan. O ò mọ̀ wá. "That lady" lò ń pe Yèyé. "Can that lady put the light on." Tí Yèyé bá gbọ́ ọ báyìí, á lọ tan iná.

BÁYỌ̀: I was six, Sister.

OYÈBỌ́LÁ: Mi ò bá ọ jà, mò ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, Daddy ní o ò gbọ́dọ̀ sọ "that lady" mọ́. O wá dákẹ́. O ò pè é ní nǹkan kan mọ́ rárá. Oṣù márùn-ún, Báyọ̀. Tí ebi bá ń pa ọ́, wàá lọ dúró síwájú ẹ̀, wàá máa wò ó. Yèyé á ti ìlẹ̀kùn báfúrúmù, á ṣí omi, á ní òun ń wẹ̀. Èmi tí mò ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri mọ̀ pé kò wẹ̀.

BÁYỌ̀: Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi rí.

OYÈBỌ́LÁ: Kí la fẹ́ sọ? Lọ́jọ́ Sátidé, ó máa ń kó wa wọ ferry, nítorí ọ̀fẹ́ ni. A ó lọ, a ó bọ̀, a ó tún lọ. Sátidé kan, afẹ́fẹ́ gbé fìlà ẹ, ó jù ú sómi. Ẹ̀rù bà ọ́. O sáré kọjá lára èmi, o kọjá lára Daddy, o lọ di ìró Yèyé mú, o wá lọgun pé, "Yẹ̀yẹ́! Yẹ̀yẹ́!"

BÁYỌ̀: Èmi?

OYÈBỌ́LÁ: O ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu wa. O kàn pè é bí ẹnu ẹ ṣe mọ ọ́n pè. Ṣé o gbọ́ mi?

BÁYỌ̀: Mò ń gbọ́.

OYÈBỌ́LÁ: Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, kí ni mo mọ̀? Mo di ikùn mú. Yèyé yíjú, ó gbá mi létí, gbòà, lójú gbogbo ọkọ̀. Kò gbá mi rí. Kò tún gbá mi mọ́ títí ó fi kú. Ó ní, "Ó pè mí. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ó pè mí." Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá tún un ṣe lẹ́nu ọmọ yìí, òun àti onítọ̀hún ni.

BÁYỌ̀: Nígbà tí mo dàgbà ńkọ́?

OYÈBỌ́LÁ: Mo bi í. Nígbà tí o wọ secondary school, mo ní, "Yèyé, ẹ jẹ́ kí n sọ fún un, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á fi í ṣe yẹ̀yẹ́." Ó ní kí wọ́n fi òun ṣe é. Ó ní wọ́n ti ṣe é rí, òun ò kú.

[Hóònù ọkọ̀, lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́.]

BÁYỌ̀: They're here. Ọkọ̀ òkú ti dé.

OYÈBỌ́LÁ: Báyọ̀, dúró ná—

BÁYỌ̀: No. Wọn ò ní fi í rẹ́rìn-ín lónìí. Kì í ṣe nítorí mi. Rosaline! Rosaline, the dots. Take them off, please. Both of them.

ROSALINE [láti ẹ̀yìn]: You what? I thought they was the special bit!

BÁYỌ̀: Just take them off!

OYÈBỌ́LÁ: Báyọ̀, jẹ́ n bá Auntie sọ̀rọ̀ ná. Má jẹ́ kó—Báyọ̀? Ṣé o gbọ́ mi?

AUNTIE ṢALÉWÁ: Gbé fóònù yẹn wá.

OYÈBỌ́LÁ: Auntie, ẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà wo?

AUNTIE ṢALÉWÁ: Mo ní gbé fóònù wá. Adébáyọ̀!

BÁYỌ̀: Auntie. Ẹ káàárọ̀ ma. Ẹ má bínú, wọ́n ti ń yọ ọ́—

AUNTIE ṢALÉWÁ: Mi ò bi ọ́ léèrè ìyẹn. Kí lo ń pe ẹ̀gbọ́n mi?

BÁYỌ̀: Auntie, ẹ jọ̀ọ́.

AUNTIE ṢALÉWÁ: Pè é kí n gbọ́. Mi ò gbọ́ ọ rí. Kò mú ọ wálé rí kí n gbọ́ ọ.

BÁYỌ̀: Yẹ̀yẹ́.

AUNTIE ṢALÉWÁ: Wá sọ báyìí: Yè-yé.

BÁYỌ̀: Yẹ̀...

AUNTIE ṢALÉWÁ: E! Yè!

BÁYỌ̀: Yè. Yè-yé. Yèyé.

AUNTIE ṢALÉWÁ: Ẹ̀n-ẹ́n! O ṣáà lè pè é. Èdè ò ṣòro, ẹnu ẹ ló lẹ.

BÁYỌ̀: Mo lè pè é, Auntie. Ṣùgbọ́n kò jọ ọ́. Ìyá ẹlòmíràn ni.

[Ẹnì kan wúkọ́ nílé Thamesmead.]

BÁYỌ̀: Auntie? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

AUNTIE ṢALÉWÁ: Ó kọ lẹ́tà kan sí mi lọ́dún yẹn. Nǹkan bí ìlà méjì. Ó ní, "Ṣaléwá, ọmọ náà ti pè mí." Ibẹ̀ ló parí ẹ̀ sí. Mo ní, ẹ gbọ́, ọmọ tí wọ́n jọ wà lábẹ́ òrùlé kan, ibo ló ti ń pè é? Mo rò pé tẹlifóònù ni. Mo tilẹ̀ kọ̀wé padà, mo bi í pé ṣé wọ́n ti fi tẹlifóònù méjì sínú ilé ni. Kò dá mi lóhùn.

BÁYỌ̀: Auntie...

AUNTIE ṢALÉWÁ: Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi rò pé tẹlifóònù ni.

OYÈBỌ́LÁ: Auntie, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ n gba—

AUNTIE ṢALÉWÁ: Mi ò jókòó. Sọ fún obìnrin oní-òdòdó yẹn kó má fọwọ́ kan nǹkan kan.

OYÈBỌ́LÁ [ó ti gba fóònù padà]: Báyọ̀! Má yọ ọ́! Ṣé o gbọ́ mi? Auntie ní kó má yọ ọ́!

BÁYỌ̀: Ẹ ní kó yọ ọ́? Ó ń—

OYÈBỌ́LÁ: MÁ! MÁ yọ ọ́!

BÁYỌ̀: Rosaline, stop! Stop, stop, stop. Leave it!

ROSALINE [láti ẹ̀yìn]: Make your mind up, darling, I've had one off already!

BÁYỌ̀: Ó ti yọ ọ̀kan.

OYÈBỌ́LÁ: Èwo?

BÁYỌ̀: Ti àkọ́kọ́. Put it back, Rosaline.

ROSALINE [láti ẹ̀yìn]: Can't, it's gone to bits. Look at it. And them gentlemen want to load.

BÁYỌ̀: Ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́, Sister. Àwọn undertaker ti ń gbé e. Ọ̀kan ní dot, ọ̀kan ò ní. Kí ló ń jẹ́ báyìí?

OYÈBỌ́LÁ: Dúró... Yè... yẹ́. Yèyẹ́.

BÁYỌ̀: Kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?

OYÈBỌ́LÁ: Kò ní. Kò sí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Yorùbá. E àti Ẹ kì í bá ara wọn gbé báyẹn.

BÁYỌ̀: Perfect. Brilliant. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ní class, mo wá sin ìyá mi pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kò sí.

OYÈBỌ́LÁ: Báyọ̀, fọkàn balẹ̀.

BÁYỌ̀: Mi ò fọkàn balẹ̀! Ṣé Auntie máa jáde? Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ mọ̀. Ẹ bi wọ́n.

OYÈBỌ́LÁ: Auntie, ó ní—

AUNTIE ṢALÉWÁ [láti ẹ̀yìn]: Bọ́lá, ibo lẹ gbé gèlè mi sí? Èmi tí mo ní kí n wé e láti òwúrọ̀. Ẹ wá bá mi fà á.

OYÈBỌ́LÁ: Ṣé o gbọ́ ìyẹn?

BÁYỌ̀: Mo gbọ́.

[Ìlẹ̀kùn ọkọ̀ pa dé, pẹ̀lẹ́.]

BÁYỌ̀: Sister.

OYÈBỌ́LÁ: Mo wà ńbí.

BÁYỌ̀: Tribute mi. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ gan-an. Tí mo bá dìde tí mo bá pè é, wọ́n tún máa rẹ́rìn-ín.

OYÈBỌ́LÁ: Wọ́n á rẹ́rìn-ín.

BÁYỌ̀: Lójú pósí.

OYÈBỌ́LÁ: Wọ́n á rẹ́rìn-ín, Báyọ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọjọ́ kan péré ni mo rẹ́rìn-ín, etí mi ṣì ń hó.

BÁYỌ̀: Mo lè pe èyí tó tọ́ báyìí. Ẹ ṣáà gbọ́ mi. Mo lè pè é. Èwo ni kí n pè?

OYÈBỌ́LÁ: Ó—èyí—máa ń dá—

BÁYỌ̀: Mi ò gbọ́. We're moving, ọkọ̀ ti ń lọ, mo wà lẹ́yìn wọn. Èwo ni kí n pè, Sister?

OYÈBỌ́LÁ: Èyí tó ń jẹ́! Èyí tí o bá pè é tó máa ń dá ọ lóhùn! Ṣé o gbọ́ mi? Báyọ̀? Pè é ní èyí tó máa ń mú un sáré jáde látinú kíṣìn pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́! Báyọ̀! Ṣé o gbọ́—

[Ìpè já.]